Inú Ìkòkò àti Inú Àpò Ọkà: Ohun tí Oúnjẹ Wa Lè Ṣe sí Àrùn Jẹjẹrẹ

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní antioxidant, kí n sì sọ bóyá òótọ́ ni pé oúnjẹ tó ní in nínú lè dènà jẹjẹrẹ. Ìdáhùn mi kò gùn. Oúnjẹ lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Hóró oògùn tí wọ́n ń fi orúkọ oúnjẹ tà fún wa kò jọ pé ó ń ràn wá lọ́wọ́, ó tilẹ̀ ti ṣe àwọn kan ní jàǹbá. Ní Minna níbí ẹ̀wẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ká wa lára ni oró tó ń wọ inú àpò ọkà àti ẹ̀pà wa kí a tó gbé wọn ka iná rárá. Àlàyé rẹ̀ ló máa gbà wá lákòókò.

N kò fẹ́ fi ìṣirò dà yín láàmú, àmọ́ ẹ gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, fojú bù ú pé ní ọdún 2022, ènìyàn 127,763 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ó sì pa 79,542. Ti ọmú, ti prostate àti ti ẹnu ilé-ọmọ ló léwájú. Ti ẹ̀dọ̀ náà kò kéré, òun sì ni mo máa fi àkókò tó pọ̀ jù lé lórí, torí òun ló sún mọ́ abọ́ oúnjẹ wa jù lọ ní agbègbè yìí.

Kò sí obìnrin kan níbí tí kò mọ̀ pé bí a bá bó iṣu, tí a gbé e kalẹ̀ láì rì í sínú omi, kì í pẹ́ tó fi ń pọ́n, tí á sì máa dúdú lọ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá àwọn èròjà kan nínú iṣu náà pàdé, tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń yí padà. Ohun kan náà ló fà á tí iṣu funfun báláú fi di èlùbọ́, tí èlùbọ́ fi di àmàlà dúdú. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sára iṣu bíbó yẹn wò, ẹ ó rí i pé yóò pẹ́ kó tó pọ́n. Lára ohun tó fà á ni pé fítámì C inú ọsàn náà bọ́ síwájú, ọ́síjìn sì kọ́kọ́ ná agbára rẹ̀ tán sára rẹ̀. Gbogbo èròjà tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó ń fi ara rẹ̀ jìn kí nǹkan mìíràn má baà bàjẹ́, ni à ń pè ní antioxidant.

Ara wa náà ń lo ọ́síjìn. Òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń sun oúnjẹ tí a jẹ, kí a tó rí agbára rìn, kí a tó rí agbára sọ̀rọ̀. Níbi iṣẹ́ yẹn, àwọn èérún kan máa ń ta jáde tí ara wọn kò pé, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa já gbà lára ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Èéfín sìgá ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i, ọtí ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú ẹran ara wú náà ń dá kún un. Bí wọ́n bá já nǹkan gbà lára DNA, níbi tí ìtọ́ni iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà, àṣìṣe á wọ inú ìtọ́ni náà. Ara ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe tọ̀sántòru. Èyí tó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí òmíràn sì gorí rẹ̀ láàárín ọdún pípẹ́, lè sọ sẹ́ẹ̀lì kan di aláìgbọ́ràn tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ bíbí dúró. Jẹjẹrẹ nìyẹn. Denham Harman, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1956 pé àwọn èérún yìí ló ń sọ ara di ogbó. Láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: bí a bá fi oúnjẹ kó wọn níjàánu, ṣé jẹjẹrẹ kò ní dín kù?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ní 1981, Richard Doll àti Richard Peto ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ikú jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ. Àwọn fúnra wọn kìlọ̀ pé ó lè jẹ́ 10, ó sì lè jẹ́ 70. Ìkìlọ̀ yẹn ni àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ kì í rántí. Ọdún yẹn kan náà ni Peto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè nínú ìwé ìròyìn Nature bóyá beta-carotene lè dín jẹjẹrẹ kù. Beta-carotene ni èròjà tó mú kí epo pupa pupa, tó mú kí kárọ́ọ̀tì rí bó ṣe rí, tó sì fara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀ ewé nínú ẹ̀fọ́. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó pọ̀ nínú oúnjẹ wọn kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó àwọn tí kò jẹ ẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kì í mu sìgá, tí kì í mutí púpọ̀, tí owó oúnjẹ gidi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo gan-an nínú gbogbo rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó? Ọ̀nà kan ló wà láti mọ̀: kí a yọ èròjà náà sọ́tọ̀, kí a fún àwọn kan, kí a má fún àwọn kan, kí a sì dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ṣe é ní Finland. Láti 1985 títí di 1993, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 jọ, amusìgá ni gbogbo wọn, ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 69. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń gba mílígíráàmù 20 beta-carotene lójúmọ́, àwọn kan ń gba fítámì E, àwọn kan ń gba méjèèjì, àwọn tó kù ń gba hóró tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé e mì kò mọ èyí tí òun ń gbé mì, ẹni tó ń pín in fún un náà kò mọ̀. Gbogbo ayé ń retí ìròyìn ayọ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń gba beta-carotene. Iye àwọn tó kú láàárín wọn, ikú yòówù tó jẹ́, náà fi ìdá 8 lé sí i.

Ẹnu ya àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní bóyá àṣìrò ni. Ṣùgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan ti ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní CARET: ènìyàn 18,314, àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tó ti mu ún rí, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fa ekuru asbestos símú. Wọ́n pa beta-carotene pọ̀ mọ́ irú fítámì A kan fún wọn. Ní oṣù Kíní ọdún 1996, wọ́n dá a dúró nígbà tó ku oṣù 21 kó parí, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 pọ̀ láàárín àwọn tó ń lo oògùn náà, ikú sì fi ìdá 17 pọ̀. Ní àkókò yẹn kan náà ni èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn dókítà ọkùnrin 22,071 ní Amẹ́ríkà jáde. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi lo beta-carotene. Kò ṣe wọ́n lóore, kò sì pa wọ́n lára. Díẹ̀ nínú wọn ló ń mu sìgá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti fítámì E àti selenium. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SELECT, lórí jẹjẹrẹ prostate, bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ọkùnrin tó lé ní 35,000 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wọlé láti ọmọ àádọ́ta ọdún, nígbà tí àwọn yòókù ní láti pé 55, nítorí pé jẹjẹrẹ prostate máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú. Ní 2008 wọ́n dá a dúró, kò sí àǹfààní kankan. Nígbà tó fi máa di 2011, ó ti hàn pé jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 17 pọ̀ láàárín àwọn tó dá fítámì E nìkan lò. Ẹ̀yin bàbá mi, bí ẹnì kan bá gbé ike fítámì E ńlá wá fún yín láti òkè òkun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó ṣí i.

Kí ló lè fa irú èyí? Ní 2014, Martin Bergo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg, ní Sweden, fún àwọn eku tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní fítámì E àti antioxidant mìíràn. Jẹjẹrẹ náà yára dàgbà, àwọn eku náà sì tètè kú. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn èérún aláìpé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo. Ara ń fi wọ́n pa kòkòrò àrùn. Wọ́n tún ń ta p53 lólobó, ìyẹn púrótéènì kan tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, pé ohun kan ti bàjẹ́ níhìn-ín, kí ó dá sẹ́ẹ̀lì yẹn dúró. Bí hóró oògùn bá pa èérún wọ̀nyẹn lẹ́nu mọ́, p53 kò ní gbọ́ nǹkan kan, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á sì ríbi sá pamọ́ sí. Oúnjẹ kì í gbé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọ inú ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í sì í gbé ẹyọ èròjà kan wọlé láìsí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú ewé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Linxian náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ẹ̀gbẹ́ kan pamọ́. Ní agbègbè yẹn ní China, níbi tí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun àti ti ikùn pọ̀ gan-an, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní beta-carotene, fítámì E àti selenium pọ̀ fún ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Ikú lápapọ̀ fi ìdá 9 dín kù, ikú jẹjẹrẹ ikùn fi ìdá 21 dín kù. Kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Àwọn ará Linxian nígbà yẹn kì í rí èso àti ẹ̀fọ́ jẹ tó. Ebi fítámì ń pa wọ́n. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn kò sì pọ̀ jù. Ẹni tí kò ní, tí a fún, á rí àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó ní tẹ́lẹ̀, tí a tún ń rọ ọ́ sí i lọ́fun, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ilé tiwa. Àwọn onímọ̀ wa kò jókòó lásán. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èròjà inú orógbó tí wọ́n ń pè ní kolaviron. Ní 2005, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ aflatoxin. Ẹ di orúkọ yẹn mú, a ó padà pàdé rẹ̀. Ní 2003, Ernest Izevbigie, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jackson State University ní Mississippi, tẹ ìwádìí jáde lórí ewúro: èròjà inú rẹ̀ tó máa ń yọ́ sínú omi dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú dúró nínú àwo àyẹ̀wò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Àmọ́ eku kì í ṣe ènìyàn, àwo àyẹ̀wò kì í sì í ṣe ọmú. Iyọ̀ pàápàá, bó bá pọ̀ tó, á pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo àti ohun tó lè wo ìyá wa sàn, ọ̀nà jìn púpọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a ṣì wà. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn, kó má ṣe fi hóró antioxidant kún un láìsọ fún dókítà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 lórí àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó jọ pé àìsàn náà ń padà wá sára àwọn tó ń lo irú hóró bẹ́ẹ̀ nígbà ìtọ́jú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ̀rí náà kò tíì múlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo máa fi ìyá mi dánwò.

Nínú ilé ìdáná wa, ọ̀rọ̀ rọrùn ju bí àwọn tó ń ta hóró oògùn ṣe ń sọ ọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, ìsápá, lúrú, zogale tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn Haúsá aládùúgbò wa: antioxidant ń bẹ nínú gbogbo wọn. Ganiyu Oboh, ní Federal University of Technology tó wà ní Àkúrẹ́, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá bọ irú àwọn ẹ̀fọ́ wọ̀nyí lómi gbígbóná, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Fítámì C inú wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Nínú èyí tó pọ̀ jù, àwọn èròjà phenol tí wọ́n jẹ́ antioxidant pọ̀ sí i, torí iná tú wọn sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń bẹ̀rù iná àti ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jàre díẹ̀díẹ̀. Kí a má ṣáà bọ̀ ọ́ títí yóò fi di ẹrọ̀fọ̀, kí a sì tún da gbogbo omi rẹ̀ nù.

Tòmátì ní lycopene, ìyẹn àwọ̀ pupa rẹ̀. Bí a bá sè é pẹ̀lú òróró, ìfun máa ń rí i gbà ju ìgbà tí a jẹ ẹ́ ní tútù lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ata díndín àwọn ìyá wa kò kéré sí sàláàdì. Ní 1995, Edward Giovannucci ní Harvard tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn tó ti tẹ̀ lé nǹkan bí ọkùnrin 48,000, pé àwọn tó ń jẹ ọbẹ̀ tòmátì dáadáa kì í ní jẹjẹrẹ prostate tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà yẹ gbogbo ẹ̀rí tó wà lórí tòmátì wò, wọ́n kọ ọ́ ní 2007 pé kò lágbára tó láti fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Èmi á jẹ ọbẹ̀ mi lọ.

Epo pupa kún fún carotene, bí a ṣe bù ú láti inú garawa. Bí a bá gbé e ka iná títí tí ó fi funfun, carotene ti lọ. Mo fẹ́ràn ayamáṣe, ọbẹ̀ tí a fi irú epo bẹ́ẹ̀ sè, n kò sì ní torí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé nítorí ìlera ni òun ṣe ń jẹ ẹ́. Zobo tí ẹ ń tà káàkiri Minna náà dára, àwọ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni antioxidant inú rẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i ni mo ń bínú sí.

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀ láti àárọ̀.

Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Wọ́n wá a títí, wọ́n fi bá a nínú oúnjẹ wọn: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó ti bu. Irú olú kan tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, Aspergillus flavus, ló hù sórí rẹ̀, tó sì tú oró sínú rẹ̀. Oró náà ni aflatoxin. Olú yìí wà nínú iyẹ̀pẹ̀ oko wa, ó fẹ́ràn ooru, ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, àgbàdo àti ẹ̀pà sì ni oúnjẹ tó wù ú jù. Ọkà bàbà, ìrẹsì, gbodo tí a fi ń ṣe èlùbọ́, kò yọ wọ́n sílẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà ní 2004, àgbàdo tó ní oró yìí nínú mú ènìyàn 317, ó sì pa 125 nínú wọn. Ikú òjijì nìyẹn. Èyí tó ń ṣe wa níbí kì í pariwo: díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi sọ̀rọ̀.

Ìlú yìí gan-an jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hussaini Makun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Federal University of Technology, Minna, kó ìrẹsì tó ti bu jọ láti oko, láti àká àti láti ọjà káàkiri ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007: aflatoxin wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, oró olú mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n wo ọkà bàbà tó ti bu náà, ohun kan náà ni wọ́n bá. Láti 2019, ibùdó ìwádìí ńlá kan, tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́, ń ṣiṣẹ́ lórí oró olú àti ààbò oúnjẹ ní yunifásítì yẹn. Àwọn ènìyàn ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwa tí a lè gba kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé ẹnu ọ̀nà wọn, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé wọ́n wà?

Báwo ni oró yìí ṣe ń di jẹjẹrẹ? Ẹ̀dọ̀ ló ń fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó yí i padà sí ohun mìíràn tó burú jù ú lọ, tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, tí ó sì máa ń ba àbùdá p53 jẹ́ ní ojú kan pàtó. Ẹ rántí p53, ẹ̀ṣọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń gba ara rẹ̀ là ni glutathione, antioxidant tí ara ń fúnra rẹ̀ ṣe: á dì mọ́ oró náà, á sì lé e jáde. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti ọ̀rọ̀ àpò ọkà ti pàdé. Ní Qidong, ní China, níbi tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti pọ̀, wọ́n fún àwọn kan nínú ènìyàn 180 ní chlorophyllin, tí wọ́n ṣe láti inú àwọ̀ ewé, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún oṣù mẹ́rin. Àmì aflatoxin tó lẹ̀ mọ́ DNA fi ìdá 55 dín kù nínú ìtọ̀ wọn. Èsì yẹn jáde ní 2001. Iṣẹ́ antioxidant kọ́ ni chlorophyllin ṣe jù níbẹ̀. Ó jọ pé ṣe ló di oró náà mú nínú ìfun kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò pé ẹ̀fọ́ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ fún wa tí orúkọ antioxidant kò gbé.

Síbẹ̀, kí a máa jẹ ẹ̀fọ́ láti fi lé oró tí a fi ọwọ́ ara wa gbé wọlé, iṣẹ́ àṣedànù ni. Sísè kò pa aflatoxin. Yíyan kò pa á tán. Iná tó lè pa á lágbára ju iná tí à ń fi dáná lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ó ju máíkírógíráàmù mẹ́rin lọ nínú kílò ẹ̀pà kan tí ènìyàn máa jẹ: mílígíráàmù mẹ́rin péré nínú àpò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò. Ìdí tí wọ́n fi máa ń dá ẹ̀pà wa padà nìyẹn. Èyí tó hunjọ, èyí tó dúdú, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí, wọ́n á ṣà á kúrò nínú èyí tó dára, kò sì sẹ́ni tó ń dà á nù. Ó ń di kúlíkúlí. Láti 1990 ni àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aflatoxin wà nínú kúlíkúlí tí wọ́n rà ní ọjà Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, n kò wá ba ọjà yín jẹ́. Ìyá kan tó bá ń lọ ẹ̀pà tó ti bu, tó mọ̀ pé ó ti bu, owó ló ká a lọ́wọ́ kò; bí ẹ̀pà tó mọ́ àti ẹ̀pà tó ti bu bá jọ ń pa iye owó kan náà, ta ni yóò jókòó ṣà á? Ẹgbẹ́ ọjà ló lè tún ìyẹn ṣe, kí ìwọ̀n àti iye owó ẹ̀pà tí a ti ṣà dáadáa yàtọ̀.

Ṣíṣà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé oró náà kì í pín dọ́gba. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ ló máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ, hóró tó hunjọ tó sì dúdú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn ṣíṣà ni sísá. Kí a má sá ẹ̀pà sórí ilẹ̀ gbalasa, kí a tẹ́ tàpólì sábẹ́ rẹ̀, kí omi inú àgbàdo lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹ̀pà dé 7 tàbí 8, kí a tó dì í sínú àpò. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi, wọ́n ń fi eyín gé e. Àwọn tó bá ní oko tó fẹ̀ lè béèrè fún Aflasafe, tí àwọn onímọ̀ ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn ará Amẹ́ríkà jọ ṣe, tí ìjọba Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí. Ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́ ni, tí wọ́n fi irú Aspergillus tí kò ní oró bò. Kílò mẹ́wàá ni wọ́n ń fọ́n sórí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kí aláìloró lè gba ààyè mọ́ olóró lọ́wọ́.

Ohun kan tó kù ni ohun tí ìwádìí Shanghai fi hàn nínú àwọn ọkùnrin 18,244. Ẹni tí aflatoxin hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀ nìkan, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ju ti ẹni tí kò ní lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ẹni tó ní fáírọ́ọ̀sì hepatitis B nìkan, ìlọ́po méje. Ẹni tí àwọn méjèèjì pàdé lára rẹ̀, ìlọ́po 59. Kò sí ẹ̀fọ́ tó lè dí àlàfo ìlọ́po 59. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún hepatitis B, ó sì ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2004. Kí àwọn aláboyún rí i dájú pé ọmọ gbà á ní ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, torí lára ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o. Àwa tí wọ́n bí ṣáájú ọdún yẹn, tí a jẹ́ púpọ̀ jù lọ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀jẹ̀ ni ká kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò, nítorí abẹ́rẹ́ kò lè lé fáírọ́ọ̀sì tó ti wọlé jáde. Bó bá wà lára ẹnì kan, oògùn wà tí kì í jẹ́ kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kíákíá. Bí kò bá sí, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo ṣe tán.